Kí ni àwọn àgbàlagbà abúlé Ogimi ní Okinawa, Japan, ń jẹ tí wọ́n fi ń dàgbà dọ́jọ́ alẹ́?

Ọ̀dùnkún ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìrẹsì ni, ṣùgbọ́n ní 1949, ó ju ìdajì okun tí ará Okinawa ń rí nínú oúnjẹ lọ tó jẹ́ pé inú ọ̀dùnkún ló ti wá. Wọ́n ń fi tofu, ìyẹn wàrà sóyà, ewéko òkun àti ẹ̀fọ́ ọgbà wọn kún un, pẹ̀lú goya, tí í ṣe irú èso ejìnrìn tiwa gan-an. Wọn kì í jẹun kí ikùn kún bámúbámú.

Lójú tèmi, oúnjẹ nìkan kọ́ o. Ní Kijoka, àdúgbò kan nínú Ogimi, àwọn ìyá àgbà ń bá wọn ṣiṣẹ́ aṣọ bashofu tí wọ́n ń fi okùn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ hun. Arúgbó tí iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ṣì ń wá kì í jókòó sójú kan.

Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wọn kò tọ ọ̀nà yẹn. Amẹ́ríkà ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1972, ẹran inú agolo àti oúnjẹ ọlọ́ràá sì gbòde. Nígbà tó fi di 2000, àwọn ọkùnrin Okinawa ti já wálẹ̀ sí ipò 26 nínú ìpínlẹ̀ 47 tó wà ní Japan ní ti ẹ̀mí gígùn.