Ègé ibi tó kù sí mi nínú

Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá ìkókó. Ẹ ní ọjọ́ karùn-ún rèé tí ẹ bímọ, ọyàn ò kún, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà, ìyá ọkọ yín sì ní kí ẹ ṣáà máa mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó lè kan ibi ọmọ, nígbà tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó lè kàn án dáadáa. Ojú mi rí i.

Ọmọ mi kejì ni, n'Íbàdàn. Ọmọ wálẹ̀ ní ìdájí, ibi tẹ̀lé e, gbogbo wa dúpẹ́ pé a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Agbẹ̀bí ká ibi sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e fún ìyá ọkọ mi. Kò tẹ́ ẹ wò. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kó tẹ́ ẹ wò! Ńṣe ni wọ́n máa ń tẹ́ ibi sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí wọ́n yẹ ẹ̀gbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ wò, bóyá àwọn ìṣù tó wà níbẹ̀, bíi 15 sí 20, pé, tàbí ibì kan já kù. Odindi ibi máa ń wúwo tó bí ìdajì kílò. Ègé tó kù sí mi nínú kò ju àtàǹpàkò lọ.

Ọyàn mi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo mu ẹ̀kọ títí, mo lá omi ọbẹ̀ ẹja, ọmọ ń ké. Ilé ní oúnjẹ ni mi ò jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìrọbí lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ dídì tó tó ẹyin adìyẹ já bọ́, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí. Ilé ìwòsàn mìíràn ni wọ́n sáré gbé mi lọ. Wọ́n ṣe scan, wọ́n kó ohun tó kù jáde, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì sí mi lára.

Dókítà ibẹ̀ ló là mí lóye. Ibi ló ń gba atẹ́gùn àti oúnjẹ lára ìyá fún ọmọ, tó ń kó ìdọ̀tí ọmọ padà, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì kì í pò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní progesterone, òun ló ń dá omi ọyàn dúró títí ọmọ á fi dé. Bí ibi bá jáde tán, èròjà yẹn á já wálẹ̀, ọyàn á sì kún láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Bí ègé bá kù, ara á ṣì máa rò pé oyún wà níkùn. Ọjọ́ kejì tí wọ́n kó tèmi jáde ni ọyàn ya bo aṣọ mi.

Kì í ṣe gbogbo ọyàn tó pẹ́ ló jẹ́ ti ibi o. Iṣẹ́ abẹ, àtọ̀gbẹ tàbí àkọ́bí náà lè fà á. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀jẹ̀ tiyín yẹn, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Bí páàdì kan bá kún láàárín wákàtí kan, tí ara gbóná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń rùn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní àgbo tàbí tẹ ikùn yín kí dókítà tó wo inú.

Ìyá ọkọ yín ò ṣẹ̀ tó fi rì ibi ọmọ mọ́lẹ̀, ibi ọmọ tèmi náà wà nídìí igi ọsàn kan. Ẹ sọ fún un kó bá yín gbé ọmọ dání lọ, kí ẹ máa fi sọ́yàn lójú ọ̀nà. Fífà tí ọmọ ń fà á ń mú kí ilé ọmọ sún kì.