Ajá ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀: ẹ ṣọ́ ẹnu yín, ẹ sì ṣọ́ aago

Ìbéèrè yín ni pé, ṣé òfin Amẹ́ríkà fàyè gba ọlọ́pàá láti mú ajá tó ń fi imú wá oògùn olóró yí ọkọ̀ yín ká, nígbà tó jẹ́ pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò tàn nìkan ló torí rẹ̀ dá yín dúró. Mo fẹ́ dáhùn nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé bá mi lẹ́ẹ̀mejì ní Texas, lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà kó oúnjẹ ilé wa láti Houston lọ sí Dallas fún àwọn tó ń tà á. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí agbẹjọ́rò tí mo sanwó fún là yé mi lẹ́yìn náà.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu ara mi ló kó bá mi. Ọlọ́pàá náà ti kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ó ti dá láísẹ́ǹsì mi padà, kó tó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá òun lè wo inú ọkọ̀. Mo ní kó máa wò ó, torí mo gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò níláti bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ọ̀bẹ la àpò èlùbọ́ mẹ́fà, wọ́n da ẹja gbígbẹ sórí koríko, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìrì ti ń sọ èlùbọ́ di ẹrẹ̀ lábẹ́ bàtà mi bí mo ṣe ń ṣa ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, èsì kan ṣoṣo tí mo gbà ni pé èmi ni mo yọ̀ǹda. Láti 1973 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé kò di dandan kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ sọ fún ènìyàn pé ó lè kọ̀.

Ní ìgbà kejì, mo kọ̀. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé n kò fọwọ́ sí i, mo sì béèrè bóyá mo lè máa lọ. Ó ní kí n dúró de ajá. Aago 9:14 alẹ́ ló wà lórí ìwé ìkìlọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ajá máa fi dé, aago inú ọkọ̀ mi ti di 9:41. Ajá náà yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n kà sí àmì pé ó gbóòórùn oògùn olóró, ni wọ́n bá tún kó gbogbo ẹrù mi sílẹ̀. Wọn kò rí nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí náà.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé, lójú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà, bí ajá bá dúró níta gbóòórùn ọkọ̀, a kò kà á sí àyẹ̀wò rárá lábẹ́ Àtúnṣe Kẹrin sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ara, ilé àti ẹrù wa. Orí àpótí ìrìn-àjò kan ní pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ní 1983. Ní 2005, nínú ẹjọ́ Caballes láti Illinois, wọ́n ní ọlọ́pàá kò nílò ìfura kankan kó tó mú ajá yí ọkọ̀ tó dá dúró lọ́nà ẹ̀tọ́ ká, bí ìyẹn kò bá ti fa ìdúró náà gùn. Adájọ́ Souter kò bá wọn fara mọ́ ọn. Ó ní ajá tí kì í ṣìṣe kò sí níbòmíràn àfi nínú àròsọ àwọn amòfin. Èmi tí mo ti ṣa ẹja nílẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ẹjọ́ tó gbà mí ni ti Rodriguez láti Nebraska, ní 2015. Ọlọ́pàá ti fún ọkùnrin náà ní ìwé ìkìlọ̀ tán, ó kọ̀ kí ajá yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, wọ́n sì dá a dúró fún ìṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ sí i. Ilé ẹjọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn pàápàá ti pọ̀ jù, àfi bí ọlọ́pàá bá ní ìfura tó ní ìdí. Ó dùn mí pé Rodriguez fúnra rẹ̀ kò jèrè rẹ̀: nígbà tí ẹjọ́ padà sísàlẹ̀, wọ́n ní ọlọ́pàá tẹ̀lé òfin bó ṣe wà nígbà yẹn, ẹ̀bi Rodriguez sì dúró.

Ilé yàtọ̀ sí ọkọ̀. Láti 2013, ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ajá wá gbóòórùn lẹ́nu ọ̀nà ilé yín láìsí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Láti 2000 náà ni kò ti tọ́ kí wọ́n máa di ojú ọ̀nà láti fi wá oògùn olóró lára gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ ní ajá dé kí ọlọ́pàá tó kọ ìwé tán. Ìyẹn ló mú un le, torí pé ẹjọ́ Caballes ti 2005 lè gbe ọlọ́pàá náà lẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹjọ́ Rodriguez kò fàyè gba kí ọlọ́pàá mọ̀ọ́mọ̀ máa fi ìwé kíkọ falẹ̀ títí ajá yóò fi dé. Bó bá sì jẹ́ pé jíjókòó ajá ni wọ́n fi ṣí ọkọ̀, agbẹjọ́rò yín lè béèrè àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìdánwò ajá náà. Ẹjọ́ Harris ní 2013 fàyè gbà á.

Èmi fi àwòrán aago ọkọ̀ àti ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ agbẹjọ́rò mi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n san owó ẹrù tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ gbólóhùn kan láti gbà pé àwọn ṣẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fún yín jáde lónìí, kí ẹ wo aago tó wà lórí rẹ̀, kí agbẹjọ́rò sì kọ̀wé béèrè fídíò ọkọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó pa á rẹ́.