Wọ́n ní n má sunkún màmá, torí pé wọ́n gbó, wọ́n tọ́

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Abẹ́òkúta, lẹ́bàá ọjà Ìtòkú. Ọmọ Òwu ni wọ́n, aláró sì ni wọ́n. Oṣù méjì rèé tí a sin wọ́n. Pósítà kọ ọdún 97, àbúrò bàbá mi ń jà pé 102 ni. Màmá kò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà tí aṣọ Ọlọ́ba jáde, àwọn ti ń fi ìko di adìrẹ, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì jẹ́ kí àwọn sún mọ́ ìkòkò aró, àti pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni àwọn pọ̀n lọ sí ààfin Aláké ní Aké nígbà tí obìnrin kọ owó orí. Ìnáwó náà dùn, a sì jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ́ màmá, ìbọ̀wọ́ funfun ni wọ́n fi wọ̀ wọ́n, n kò rí èékánná wọn tí aró ti pa láró. Ìwé ìsìnkú ní ‘oníṣòwò’ ni wọ́n. Ìlà mẹ́rin péré. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sunkún ní ìdájí, torí ìdájí ni wọ́n máa ń ki mi ní oríkì, n kò sì mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ọkọ mi ní kí ló dé tí mò ń sunkún ẹni tó gbó tó tọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ẹkún mi kò ní jẹ́ kí màmá sinmi. Adìrẹ kan tí wọ́n rẹ gbẹ̀yìn wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá, n kò lè tú u. Ṣé nǹkan ń ṣe mí ni, mà?” — Ọmọ Aláró

Ọmọ mi, o kú ará fẹ́ra kù. O kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ẹ̀yìn wọn á dára. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọ́.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé ti wá. Bí ọ̀dọ́ bá kú nílẹ̀ wa, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀, a kì í lùlù sí i. Bí arúgbó ọlọ́mọ bá kú, ìnáwó ni. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ: ìdí tí wọ́n fi jó nìyẹn, wọ́n ń dúpẹ́ pé ọmọ ló sin ìyá, ìyá kò sin ọmọ. Ijó ọpẹ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló wá ní kí ọmọ má sunkún? Ṣebí àwa kan náà la máa ń dúró ti òkú arúgbó, tí a ń sọ fún un pé ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Ẹ̀rín kọ́ la fi ń sọ ọ́.

Pé màmá pẹ́ láyé kò sọ ìpàdánù rẹ di kékeré. Òun gan-an ló jẹ́ kó pọ̀. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kí ló fẹ́ rántí? Ìwọ ní ọdún 34 tí wọ́n fi pè ọ́ jí, tí wọ́n fi bu oúnjẹ fún ọ, tí wọ́n fi bá ọ wí. Gbogbo rẹ̀ ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti pé ẹkún rẹ ń dí màmá lọ́wọ́ ìsinmi, n kò gbà á rárá. Ìyá tó ti gbọ́ ẹkún rẹ láti ìgbà tí o wà ní jòjòló, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ọ́, ẹkún yẹn kò ní ṣàjèjì sí wọn.

Ìyá tó bí ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 29. Mo jó níbi ìnáwó wọn títí bàtà fi jẹ mí lẹ́sẹ̀, omi kò bọ́ lójú mi. Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó tú ìró wọn kan jáde nínú àpótí, ni mo bá rí kókó ní ìṣẹ́tí rẹ̀. Mo tú u, kókó mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Náírà márùn-ún ni wọ́n dì síbẹ̀, ó ti rún, ó ti rọ̀ bí aṣọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi ń ké. Ọkọ mi sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ló bù mí jẹ.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ mi. Ibi tó ń ta ọ́ jù ni ìbọ̀wọ́ yẹn àti ìlà mẹ́rin yẹn. Wọ́n sin màmá, wọn kò sọ ẹni tí màmá jẹ́. Ẹni tó ń fi ìko di aṣọ ní kókó-kókó, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gún ewé èlú, tó ń mọ ọ́n roboto, tó ń sá a, tó ń sẹ́ omi eérú, tó sì ń ṣọ́ ìkòkò aró lójoojúmọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n pè é ní oníṣòwò! O rí i bí wọ́n ṣe máa ń yọ aṣọ náà nínú aró: bí ewé tútù ló máa ń jáde, afẹ́fẹ́ á kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú rẹ, wọ́n á tún rì í padà, wọ́n á tún yọ ọ́, títí á fi dú kirikiri. Àwọn tó kọ ìwé ìsìnkú kò fi ọ̀rọ̀ kankan sọ ọ́. Inú bí mi sí àwọn ìwé wọ̀nyí, kí n má purọ́. Àwòrán á kún inú wọn, gbogbo ọmọ á kọ pé “ìyá rere” ni, o kò sì ní mọ ohun tí ìyá fi ọwọ́ ṣe láyé.

Nítorí náà, gba iṣẹ́ náà. Ìrántí ọdún kan ń bọ̀. Lọ bá àwọn àbúrò bàbá rẹ, kí o ní ìwọ lo máa kọ ìtàn màmá.

Ìjà ọjọ́ orí yẹn kò le. Màmá ti fi àmì sílẹ̀ fún yín. Aṣọ Ọlọ́ba tí wọ́n ń sọ, 1935 ni, nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè; àwọn oníṣẹ́ adìrẹ ya ojú ọba àti olorì sára aṣọ. Ọmọ tó ń di ìko ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ kó sún mọ́ ìkòkò, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Ọmọ ọdún 13 á ti máa pọnmi aró. Nǹkan bí 1927 ni wọ́n bí wọn, pósítà ló sún mọ́ ọn jù. Ní ti Aké, láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 15, ọkùnrin ní 16. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló ṣáájú àwọn tó kọ̀ ọ́. Ní òpin 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn síwájú ààfin. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Màmá rẹ wà níbẹ̀, ọmọ ogún ọdún, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ọjọ́ náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí, wọ́n sì kọ ìtàn ìyá rẹ̀ láì dárúkọ Aké. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yìí ni kí o kọ́kọ́ lọ. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ oríkì ni mo fẹ́ kí o fetí sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Èyí tí màmá fi ń kì ọ́, oríkì ilé ọkọ wọn ni, ìyẹn ilé bàbá rẹ. Àwọn ìyàwó ilé ló ń mọ irú rẹ̀ jù, ju àwọn ọkùnrin tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, torí wọ́n kọ́ ọ láti máa fi ki ọkọ àti ọmọ. Má bi àwọn àbúrò bàbá rẹ. Wá ìyàwó ilé tó kù, èyí tó wọlé yẹn lẹ́yìn màmá, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu màmá ló ti gbọ́ ọ. Má sì ní kí wọ́n “ka” oríkì fún ọ. Kì í jáde bẹ́ẹ̀. Ra búrẹ́dì àti mílíìkì, sùn sọ́dọ̀ wọn, kí o kúnlẹ̀ kí wọn ní ìdájí, kí o sọ orúkọ oríkì rẹ. Fúnra rẹ̀ ló máa bọ́ sí wọn lẹ́nu. Gba àyè kí o tó gbà á sórí fóònù.

Oríkì màmá fúnra wọn kò sí nílé ọkọ. Òwu ni kí o lọ, nílé bàbá wọn, kí o béèrè ọmọ-oṣú tó dàgbà jù. Òwu kò bá Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní 1830, 1834 ni wọ́n dé, oríkì tiwọn sì yàtọ̀ pátápátá. Ìwọ tí o rò pé màmá ti tán lẹ́nu ayé, apá kan wà lára wọn tí o kò tí ì gbọ́ rí.

Ọkọ rẹ kì í ṣe ìkà. Ẹkún aya máa ń dẹ́rù ba ọkùnrin, wọ́n á fẹ́ kó tán kíá. Ní ìdájí tí omijé bá tún dé, jí i, kí o sọ nǹkan kan nípa màmá fún un, ọ̀kan péré. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá kọ̀ tí kò wọlé, tí oorun sá lójú rẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tí ó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o tẹ̀lé màmá lọ, sọ fún ọkọ rẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ní ti adìrẹ tó wà nínú ọ̀rá, màmá kò rẹ ẹ́ fún ọ̀rá. Yọ ọ́. Ró o lọ sí Òwu. Kò tí ì kan omi rí, aró rẹ̀ á ṣí, á kùn ọ́ lọ́wọ́ àti ní èékánná. Má tètè fọ̀ ọ́.