Èsì: Ọmọ tí a bí ní oṣù méje tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró ní kíláàsì

Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ béèrè bóyá ọ̀lẹ ni Àyọ̀ lóòótọ́, torí ọkàn rẹ̀ kì í dúró ní kíláàsì. Ọmọ tó wọn kílò 1.4 nígbà tí ẹ bí i, tí tíṣà wá ń pè ní ọ̀lẹ lọ́mọ ọdún 7, kì í ṣe ọ̀lẹ o. Àìlèfọkànsí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé, èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ló sì pọ̀ jù: ọmọ á jókòó, ọkàn á ti lọ. Ta ló máa fura?

Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn UNIOSUN Teaching Hospital, Òṣogbo, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń jọ ẹni tí kò fọkàn sí nǹkan. Ẹ mú káàdì ìbí rẹ̀ dání.

Nílé, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan: “Gbé bàtà rẹ wá.” Ó dìgbà tó bá gbé e dé kí ẹ tó sọ ìkejì. Ní kíláàsì, iwájú ni kó jókòó, kó jìnnà sí fèrèsé.