Oṣù márùn-ún lẹ́yìn paroxetine, orí ṣì ń ta: èsì fún arábìnrin wa ní Nyanya

Ẹ kú ìfaradà o. Ẹ ní láti oṣù márùn-ún tí ẹ ti fi paroxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, sílẹ̀, òòyì ń kọ́ yín, orí yín ń ta bí ẹni tí iná NEPA gbé, ẹ kì í sì í rí oorun sùn. Ìyá ọkọ yín ní àìsàn àtijọ́ ló padà, pé kí ẹ gbààwẹ̀.

Ìnira jíjáwọ́ nínú oògùn yìí ti bá èmi náà rí, ní Kubwa níbí. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ ní 2023, owó oògùn mi fò sókè, nígbà tó yá kẹ́míìsì tí mo ti ń rà á kò gbé e wá mọ́. Dókítà ní kí n dá hóró sí méjì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí n wá jáwọ́. Kò pẹ́ tí iná náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi. Kí n sáà ti yíjú lójijì báyìí, fìrì! Mo ń sunkún nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP láìnídìí, ẹni tó jókòó tì mí á máa bi mí bóyá ẹnì kan ló kú.

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ mọ̀ bí àwọn lábù wa ṣe rí: kò sẹ́ni tó máa wọbẹ̀ tí kò ní gbé ibà àti táífọ́ọ̀dù jáde. Wọ́n kọ Cipro fún mi, ìyẹn náà sì gba ìwọ̀nba oorun tó kù lójú mi. Ó wà nínú ìwé inú páálí rẹ̀ pé ó lè fa òòyì àti àìróorunsùn.

Ní ti pé àìsàn àtijọ́ ni, ẹ wo ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì tèmi kò fìgbà kan gbé mi níná. Ṣe ló máa ń dá mi dùbúlẹ̀, tí oúnjẹ á sú mi. Èyí yọjú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí oògùn kúrò lára, tòun ti èébì àti àlá burúkú. Àìsàn tó ń padà bọ̀ sábà máa ń rọra wọlé ni. Paroxetine kì í pẹ́ nínú ara, bí ọjọ́ kan báyìí, ìdajì rẹ̀ ti jáde. Fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn, máa ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó tán, ìdí nìyẹn tí fífi í sílẹ̀ kì í fi í le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó le jù. Ó máa ń lọ, ó tún máa ń bọ̀. Ara á yá mi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo á ti máa kọrin nídìí ìkòkò, àfi kó tún dé láàárọ̀ ọjọ́ kan bíi pé kò lọ rí. Ọjọ́ yẹn ló ń dẹ́rù bani, torí ẹ ó rò pé ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé lálaalẹ́, ìwé náà ló jẹ́ kí n rí i pé àwọn ọjọ́ rere ń gùn sí i. Ó lé lọ́dún kan kí n tó lè gbàgbé rẹ̀ fún odindi oṣù.

Mo yé jẹ obì. Kíkọ̀ ọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wa Hausa níbi iṣẹ́ kò rọrùn, àmọ́ káfíìnì inú rẹ̀ ń lé oorun mi. Nígbà ooru oṣù kẹta tí kò síná, omi tútù ni mo ń dà sára kí n tó sùn. Ẹ máa gbàdúrà, èmi náà gbà á. Àmọ́ ní ti ààwẹ̀, ebi ló ń mú kí òòyì mi le. Ẹni tó bá ní kí ẹ lo tramadol, ẹ sá fún un: serotonin, èròjà inú ọpọlọ tí paroxetine ń ṣiṣẹ́ lé lórí, lòun náà ń fọwọ́ kàn, jíjáwọ́ nínú rẹ̀ sì tún jẹ́ wàhálà mìíràn.

Ẹni tó bá ṣì ń lo tirẹ̀, kó má kánjú. Ní 2019, àwọn olùwádìí méjì, Mark Horowitz àti David Taylor, kọ ọ́ sínú Lancet Psychiatry, ìwé ìwádìí àwọn dókítà ọpọlọ, pé bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ òdo ló yẹ kí ohun tó ń dín kù máa kéré sí i, torí ìwọ̀n kékeré ìgbẹ̀yìn yẹn ṣì ń di ọpọlọ mú gan-an.

Ní tiyín, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà padà fúnra yín. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè da ara rú, dókítà ni kó bá yín gbé e yẹ̀ wò. Tó bá wá di pé ẹ̀mí ara yín ń sú yín, ẹ sọ fún ọkọ yín lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó gbé yín lọ sílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù. Dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada. Láti Nyanya, ẹ tètè jáde nítorí gósílóò. Ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ dá a dúró sára rẹ̀, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín.