Ta ló ni "She Moved Through the Fair"?

Ìbéèrè: Mo ní àwo orin méjì tí "She Moved Through the Fair" wà lórí wọn. Ní ibi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó kọ orin wà, àwo kan kọ ọ́ pé orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì ni, èkejì kọ Padraic Colum. Èwo ni ká gbà? Kí sì ni àwọn ará ibẹ̀ ní lọ́kàn gan-an tí wọ́n bá pe orin ní ti ìbílẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ wà nínú méjèèjì, àmọ́ kò dọ́gba. Bí ẹ bá ní dandan kí n mú ẹyọ kan, orúkọ Colum ni n ó mú, n ó sì fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn pé ohùn orin náà kì í ṣe tirẹ̀, ẹsẹ tó kẹ́yìn kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ẹsẹ ìkẹyìn yẹn ló fa gbogbo àríyànjiyàn. Òun ló pẹ́ jù láyé nínú orin náà, òun náà ló sì máa ń mú kí orí èèyàn wú.

Kí n sọ ìtàn inú orin náà fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ sọ fún un pé ìyá òun kò ní bínú sí i, bàbá òun náà kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé kò ní màlúù. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kò ní pẹ́ mọ́ tí ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn yóò fi kò. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó ń gba àárín ọjà kọjá, ọkùnrin náà ń fojú sìn ín bó ṣe ń yà síhìn-ín tó ń yà sọ́hùn-ún, títí tó fi kọrí sílé ní ìrọ̀lẹ́, tó ku ìràwọ̀ kan ṣoṣo lójú ọ̀run, bí ìgbà tí swan, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tó fara jọ pẹ́pẹ́yẹ, bá ń lọ lójú adágún. Nínú ẹsẹ ìkẹyìn, ó padà wá lóru. Ó rọra wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún rárá. Ó sún mọ́ ọkùnrin náà, ó sì tún ọ̀rọ̀ ọjọ́sí sọ, pé kò ní pẹ́ mọ́ tí ọjọ́ ìgbéyàwó wa yóò fi kò. Orin parí síbẹ̀. Ṣé àlá lásán ni? Ṣé ọmọbìnrin náà ti kú, tó wá ń pe olólùfẹ́ rẹ̀ kó máa bọ̀? Orin náà dákẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ màlúù má baà rú ẹnikẹ́ni lójú: ọjà tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọjà ẹ̀fọ́. Ọjà ńlá tí ń bọ́ sí àkókò kan nínú ọdún ni. Màlúù, àgùntàn àti ẹṣin ni wọ́n ń tà níbẹ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni alárinà ti máa ń bá ìdílé méjì dúnàádúrà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ìlú Lisdoonvarna ní County Clare ṣì ń ṣe àjọ̀dún alárinà ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún títí di òní. Tiwọn yàtọ̀ sí ìdána tiwa o. Láàárín àwọn àgbẹ̀ wọn láyé ìjọ́un, bàbá ọmọbìnrin ni í fi ohun ìní tẹ̀lé ọmọ lọ sílé ọkọ, nítorí náà kó tó gbà, yóò kọ́kọ́ rìn yíká oko ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, kó lè mọ iye màlúù tí ilẹ̀ náà lè bọ́. Ọmọkùnrin tí kò ní màlúù, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé kò nílẹ̀ náà ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ọdún 1909 ni orin náà kọ́kọ́ jáde nínú ìwé, nínú apá kìn-ín-ní Irish Country Songs tí Herbert Hughes ṣe, tí ilé-iṣẹ́ Boosey tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Belfast ni Hughes. Ohùn orin náà, Donegal ní àríwá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ni wọ́n ti gbà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì to dùùrù sí i lábẹ́. Colum, akéwì ọmọ County Longford tí wọ́n bí ní 1881, ni ìwé náà sọ pé ó ni ọ̀rọ̀ orin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó dúró títí orin fi gbajúmọ̀ kó tó wá sọ pé òun lòun ni ín.

Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe yìí kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe tuntun nílẹ̀ wọn. Láti 1808 títí di 1834 ni Thomas Moore ti ń gbé ohùn àwọn ará Írẹ́lándì, tó ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sí i, tí àwọn ọlọ́lá ń kọ ọ́ nínú pálọ̀ wọn. Ìran Colum ṣe é lọ́nà mìíràn: wọ́n ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí àwọn kọ dà bí ohun tó ti ẹnu àgbẹ̀ jáde, kí ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ tuntun mọ́ ti àtijọ́ má hàn. Yeats, akéwì ńlá ilẹ̀ wọn, tiẹ̀ jẹ́wọ́ tirẹ̀. Nígbà tó tẹ "Down by the Salley Gardens" jáde ní 1889, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlà mẹ́ta tí ìyá arúgbó kan ní abúlé Ballisodare, ní Sligo, rántí ní àbọ̀ ni òun fi ṣe ìpìlẹ̀. Ta ló wá fún ewì náà ní ohùn tí gbogbo ayé fi ń kọ ọ́ lónìí? Hughes ni, ní 1909 kan náà. "My Lagan Love" ńkọ́, tó jáde ní 1904? Joseph Campbell ló kọ ọ̀rọ̀, Hughes ló mú ohùn wá láti Donegal. Níbikíbi tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ti ṣẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ ó rí Hughes níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Colum rí i pé ohun kan sọ nù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú orin náà tó ti jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọbìnrin náà kú kí ìgbéyàwó tó wáyé. Ó wá kọ ẹsẹ kan sí i, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé kò sí tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn kò ní ìbànújẹ́ tí kò sọ jáde, ó sì fi ránṣẹ́ sí Hughes. Kò sí nínú ìwé tó kọ́kọ́ jáde.  Inú àwọn ìwé tó tẹ̀lé e ni ẹsẹ yìí ti jáde, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn olórin kan fi ń kọ ẹsẹ mẹ́ta, tí àwọn mìíràn ń kọ mẹ́rin. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ ẹsẹ ìkẹyìn padà, tí wọ́n ń sọ ọ́ gbangba pé olólùfẹ́ òun tó ti kú ló wọlé. Èmi kò fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó bá ti sọ fún wa pé òkú ni, ó ti gba ẹ̀rù lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí Colum kó ewì rẹ̀ jọ sínú Wild Earth and Other Poems ní 1916, ó fi orin náà sí i, kò sì sọ níbẹ̀ pé ẹsẹ ìkẹyìn jẹ́ ti àtijọ́. Lójú tèmi, àṣìṣe tó fa wàhálà nìyẹn. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò rò pé òun ló kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ẹsẹ yẹn lẹ́nu àwọn àgbà ní Ulster, agbègbè tó wà ní àríwá Írẹ́lándì, yóò ní irọ́ ni, orin bàbá wa lẹ jí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní 1970. Ọ̀rọ̀ náà di lẹ́tà tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn The Irish Times. Colum ti di ẹni ọdún 88 nígbà náà. Ó kọ ọ́ pé Hughes ló mú ohùn wá, pé òun fi ẹsẹ ìkẹyìn orin àtijọ́ kan sílẹ̀ bó ṣe wà, òun sì kọ àwọn ẹsẹ yòókù láti bá ohùn náà mu. Proinsias Ó Conluain, tó máa ń kó orin jọ lẹ́nu àwọn àgbà, mú ẹ̀rí mìíràn wá. Ó ní òun ti gba ohùn bàbá arúgbó kan sílẹ̀ tó kọ orin kan náà, ọ̀rọ̀ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀, bàbá náà sì sọ pé orin tó ti pẹ́ gan-an ni, pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́ ni òun kọ́ ọ lọ́wọ́ ahunagbọ̀n kan ní Glenavy, ní County Antrim.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wúwo, n kò sì rò pé ó purọ́. Àmọ́ kí ni ó jẹ́ ẹ̀rí sí? Ó jẹ́ ẹ̀rí pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, orin náà ti ń ti ẹnu kan dé ẹnu kejì. Kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ahunagbọ̀n náà kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kà á nínú ìwé Hughes. Orin kì í gbé àmì ọjọ́ orí kiri. Ẹ wo Margaret Barry, obìnrin kan tí wọ́n bí ní Cork ní 1917, lára àwọn ìdílé Travellers tí kì í gbé ojú kan. Pẹ̀lú báńjò rẹ̀ ló ń kọrin kiri ọjà àti ìdí pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí àwọn akórinjọ bíi Alan Lomax gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, àwọn olólùfẹ́ orin ìbílẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń kọ orin yìí, wọ́n ní ohùn àwọn baba ńlá rèé. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ ibi tó ti kọ́ ọ: lára àwo giramafóònù John McCormack ni, olórin tó wọ kóòtù tí wọ́n ń fi dùùrù tẹ̀lé! Láti ẹnu àgbẹ̀ ní Donegal ni ohùn náà ti wọ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tinú ìwé bọ́ sára àwo, ó tara àwo padà sẹ́nu ẹni tó ń kọrin nínú ọjà, wọ́n sì tún gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ohun àtọdúnmọ́dún.

Ohun tó mú kí n gba Colum gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ ni àwọn orin tó bá tirẹ̀ tan. Wọ́n wà ní Ulster, orúkọ wọn yàtọ̀ síra: "Our Wedding Day", "Out of the Window", "I Once Had a True Love". Eddie Butcher ti Magilligan, ní County Derry, wà lára àwọn tó kọ irú rẹ̀. Nínú àwọn orin yìí, ẹ ó rí olólùfẹ́ tó rọra wọlé lóru láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìtàn tó yí i ká ni kò bára mu. Nínú àwọn kan lára wọn, àwọn òbí ọmọbìnrin náà kórìíra ọkùnrin náà nítorí pé kò ní ohun ìní. Nínú "Out of the Window", nígbà tó dìde lọ bá a ní ọ̀gànjọ́ òru bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn, aṣọ ibùsùn lásán ló bá. Ọmọbìnrin náà ti bá ọkùnrin mìíràn gba ojú fèrèsé lọ.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ màlúù wàyí. Colum yí i po: àwọn òbí tó ń kẹ́gàn nínú orin àtijọ́ di àwọn tí kò ní kẹ́gàn. Ó mú ẹni tó bá ojú fèrèsé sá lọ kúrò, ó fi ikú tí kò sọ jáde rọ́pò rẹ̀. Ọjà, ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́ àti ẹyẹ lójú adágún, ibi tí akéwì ti fi ara rẹ̀ hàn nìyẹn. Paddy Tunney, tó mọ orin Ulster bí ẹní mowó, kò gbà tó bẹ́ẹ̀: lójú tirẹ̀, ó tọ́ ká sọ pé Colum fi àwọn ìlà kan kún orin ìbílẹ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹni tó yí ìtàn padà láti orí ọmọbìnrin tó ṣe àgbèrè sí ọmọbìnrin tó kú, iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá fífi ìlà kún ìlà.

Nítorí náà, tí àwọn ará Írẹ́lándì bá pe orin ní ti ìbílẹ̀, ọ̀nà tó gbà ń rìn ni wọ́n sábà máa ń sọ: pé ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, tí olúkúlùkù ń kọ ọ́ bó ṣe bá a lára mu, tí ẹnikẹ́ni kò bi í pé ta ló fún ọ láṣẹ. Pẹ̀lú ojú yẹn, ìbílẹ̀ ni orin yìí lóòótọ́. Lára àwo ni ọ̀rọ̀ náà ti ń di ti owó. Ẹgbẹ́ olórin tó bá kọ ọ́ pé ìbílẹ̀ ni, pé àwọn ló tò ó, owó tí orin náà bá pa lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn lè jẹ́ tiwọn nìkan. Ní Írẹ́lándì àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kì í tán títí di òpin ọdún àádọ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Hughes kú ní 1937. Tirẹ̀ ti tán láti òpin 2007. Colum kú sí Amẹ́ríkà ní 1972, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tó kọ ṣì wà lábẹ́ òfin ní Írẹ́lándì àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òpin 2042. Ẹnikẹ́ni kò ní ohùn náà. Ẹsẹ ìkẹyìn náà, ẹ kọ ọ́ bó bá ṣe wù yín, kò sẹ́ni tí yóò gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.