Báwo ni mo ṣe lè gòkè nínú ìdíje títú kóòdù ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ṣe eré títú kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà á fi nọ́ńbà mẹ́rin pamọ́, láti 1 dé 6, nọ́ńbà kan sì lè wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí a bá dá àbá, á fún wa ní àmì dúdú fún nọ́ńbà tó tọ̀nà tó sì wà láyè rẹ̀, àti àmì funfun fún èyí tó wà nínú kóòdù àmọ́ tí kò sí láyè rẹ̀. Kóòdù kan lójúmọ́, méje lọ́sẹ̀, kóòdù kan náà sì ni gbogbo wa ń tú. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹni tí àbá rẹ̀ kéré jù lápapọ̀ ló gbégbá orókè. Èmi máa ń lo àbá márùn-ún sí mẹ́fà lórí kóòdù kan. Àwọn tó wà níwájú máa ń lo mẹ́rin sí márùn-ún. Ṣé oríire tiwọn ló pọ̀ ni, àbí ọgbọ́n kan wà tí mi ò mọ̀? Ṣé ó sì yẹ kí n máa yára, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé àkókò ni wọ́n fi ń ya àwọn tó bá ta ọ̀mì?

Ìdáhùn

Ọgbọ́n wà níbẹ̀, oríire náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣeé fi ìṣirò wọ̀n. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì máa ń lo eré yìí gan-an láti fi kọ́ wọn bí a ṣe ń ronú lórí ohun tí a kò tíì mọ̀, torí náà inú mi dùn sí ìbéèrè yín. Ohun tí mo ti rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olùdíje ni pé wọ́n ka àbá sí ọfà tí wọ́n ń ta sí kóòdù: bó bà á, ó bà á; bí kò bà á, wọ́n á ta òmíràn. Àwọn tó wà níwájú yín ka àbá sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi kóòdù. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye kóòdù tó wà. Ààyè mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba èyíkéyìí nínú nọ́ńbà mẹ́fà: 6 × 6 × 6 × 6, ó di 1,296. Kí ẹ tó dá àbá kankan, èyíkéyìí nínú wọn ló lè jẹ́ òun. Bí ẹ bá ti dá àbá, ńṣe ni wọ́n á pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá mú wá: àwọn tí ì bá mú dúdú kan wá lọ́tọ̀, àwọn tí ì bá mú dúdú kan àti funfun kan wá lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi ìdáhùn 14 ló lè wáyé. (Dúdú mẹ́ta pẹ̀lú funfun kan kò sí nínú wọn, torí bí mẹ́ta bá ti wà láyè wọn, ìkẹrin kò ní ibòmíràn tó lè lọ.) Nígbà tí àmì bá dé, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́. Àbá tó dára ni èyí tí ọ̀wọ́ tó bá ṣẹ́kù kò ní tóbi, irú àmì yòówù kó mú wá.

Ẹ fi èyí wo àbá àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi 1111 bẹ̀rẹ̀ tí kò rí àmì kankan, kóòdù 625 ló ṣì wà níwájú rẹ̀. 1234, tó jẹ́ ààyò ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, lè fi 312 sílẹ̀. 1123 lè fi 276 sílẹ̀. Ní ti 1122, kò sí àmì tó lè mú wá tí á fi ju 256 lọ sílẹ̀. Eré tí ẹ ń ṣe yìí ni Mastermind, tí Mordecai Meirowitz ará Ísírẹ́lì gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí 1970, àwọn onímọ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ní 1977, Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹni tó bá fi 1122 bẹ̀rẹ̀, tó sì ń yan àbá nígbà gbogbo lọ́nà tí ọ̀wọ́ ńlá kò fi ní ṣẹ́kù, kò ní lo ju àbá márùn-ún lọ láé. Ìpíndọ́gba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 4.476. Ní 1993, Kenji Koyama àti Tony Lai fi hàn pé ìpíndọ́gba tó kéré jù tí ọgbọ́n kankan lè dé ni 4.340. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yìí sọ́kàn, a máa padà sí wọn.

Mo mọ àwọn tí ojú wọn máa ń fà ro tí 1122 kò bá mú àmì kankan wá. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ààyè kọ̀ọ̀kan ti wá ku nọ́ńbà mẹ́rin, 3 sí 6, kóòdù tó sì ṣẹ́kù jẹ́ 4 × 4 × 4 × 4, ìyẹn 256. Àbá kan ṣoṣo ti gbá 1,040 dànù. Bákan náà ló rí tó bá mú dúdú kan péré wá: ọ̀kan nínú ààyè mẹ́rin ló tọ̀nà, mẹ́ta yòókù wá láti inú 3 sí 6, ó di 4 × 64, 256 náà nìyẹn. Funfun kan péré, 256. Dúdú kan àti funfun kan, 208. Ẹ ro ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pọ̀, ẹ ó rí 976 nínú 1,296. Ìyẹn ni pé nínú eré mẹ́rin tí ẹ bá fi 1122 bẹ̀rẹ̀, bíi mẹ́ta ló máa bọ́ sínú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin wọ̀nyí.

Ó dá mi lójú pé àǹfààní tó sún mọ́ yín jù nìyí: ẹ lè ti pinnu àbá kejì nílé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí àmì, ẹ dá 3345. Tó bá jẹ́ dúdú kan, 1344. Tó bá jẹ́ funfun kan, 2344. Tó bá jẹ́ dúdú kan àti funfun kan, 1134. Ẹ kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Ẹ tún wo ìkẹyìn yẹn dáadáa. 1134 kò lè jẹ́ kóòdù náà, torí tó bá jẹ́ òun ni, 1122 ì bá ti mú dúdú méjì wá láìsí funfun kankan. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a dá a.

Ibí yìí gan-an ló ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ olùdíje láti gbà, mo sì rò pé òun ló ń jẹ yín ní àbá kan lórí kóòdù kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dà bí ìfiṣòfò láti dá àbá tí a ti mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní ẹ ti mọ̀ pé 112 ló bẹ̀rẹ̀ kóòdù, tí ààyè ìkẹrin sì lè jẹ́ 3, 4, 5 tàbí 6. Ẹni tó bá ń wá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan á dá 1123, á dá 1124, á dá 1125, á dá 1126. Tí orí bá bá a ṣe é, àbá kan. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mẹ́rin. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 2.5. Ẹ wá dá 4523 dípò rẹ̀. Tí kóòdù bá jẹ́ 1123, dúdú méjì lẹ máa rí. Tó bá jẹ́ 1126, dúdú kan péré. Tó bá jẹ́ 1124 tàbí 1125, dúdú kan àti funfun kan. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ni ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀, tí ẹ ó sì fi àbá kejì mú. Lórí méjì yòókù, ó lè jẹ́ àbá kejì tàbí ìkẹta. Ìpíndọ́gba wá di 2.25, kò sì sí ọ̀nà tí ẹ fi lè lo mẹ́rin mọ́. Ìdá mẹ́rin àbá kan lè má jọ yín lójú, àmọ́ irú ipò yìí máa ń wáyé léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìkẹfà tí ẹ ń sọ pé ẹ máa ń bá ara yín níbẹ̀ sì sábà máa ń ti ibẹ̀ wá.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú àbá bẹ́ẹ̀ yẹ o. Tó bá jẹ́ kóòdù méjì péré ló ṣẹ́kù, ọ̀kan nínú wọn ni kí ẹ dá. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn lè ya méjì yòókù sọ́tọ̀. Tó bá lè yà wọ́n, òun náà ni kí ẹ dá. Láti mẹ́rin lọ sókè, ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀, kí ẹ sì wá àbá tó máa pín wọn sí ọ̀wọ́ tó pọ̀ jù. Orí nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Èmi ò mọ ẹnì kan tó ń ṣe dáadáa nínú eré yìí láìkọ nǹkan sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dájú pé ẹ mọ̀, ìyẹn ni bí a ṣe ń ka àmì nígbà tí nọ́ńbà bá ṣe àtúnwá. Ká ní kóòdù jẹ́ 1123, tí ẹ sì dá 1211. Ẹni tí kò fara balẹ̀ á máa retí àmì fún gbogbo 1 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú àbá náà. 1 méjì péré ló wà nínú kóòdù, torí náà méjì péré ló máa gba àmì: dúdú fún ti ààyè àkọ́kọ́, funfun fún ọ̀kan nínú méjì yòókù. 2 náà á gba funfun kan. Ìdáhùn jẹ́ dúdú kan àti funfun méjì. Àṣìkà kan níbí lè mú kí ẹ lé kóòdù gangan kúrò nínú bébà yín, tí ẹ ó sì máa wá a kiri títí eré á fi parí.

Ó kan ọ̀rọ̀ oríire. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà Knuth láìyẹsẹ̀ lórí gbogbo kóòdù 1,296, ọ̀kan péré ló máa mú pẹ̀lú àbá àkọ́kọ́. Á mú 6 pẹ̀lú àbá kejì, 62 pẹ̀lú ìkẹta, 533 pẹ̀lú ìkẹrin, 694 pẹ̀lú ìkarùn-ún. Lórí kóòdù méje, àpapọ̀ rẹ̀ á máa wà ní nǹkan bí 31, ṣùgbọ́n oríire nìkan lè fi àbá kan sí méjì kún un tàbí yọ ọ́ kúrò. Pé kóòdù kan náà ni gbogbo yín ń tú kò mú oríire kúrò, torí àbá tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Torí náà, bí olùdíje méjì bá wà tí ìpíndọ́gba ọ̀kan jẹ́ 4.5, ti èkejì 4.7, ìyàtọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò ju 1.4 lọ, oríire sì lè bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pọ̀, ìyàtọ̀ náà á di 14, nígbà tí oríire kò sábà ní gbé ẹnì kan kúrò níbi tó yẹ kó wà ju bíi 5 lọ. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Tiyín yàtọ̀ sí èyí. Láàárín 5.5 àti 4.5, àbá méje ló wà lọ́sẹ̀ kan. Oríire kò lè máa ṣe ìyẹn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n mọ nǹkan kan tí ẹ̀yin náà lè kọ́, mo sì gbà pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fi àbá kejì tí mo kọ sókè yìí àti bébà ṣiṣẹ́, ẹ ó ti sún mọ́ wọn.

Nọ́ńbà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn tún wúlò fún ẹni tó ń bójú tó ìdíje yín. Ẹnikẹ́ni lè ní 3.8 ní ọ̀sẹ̀ kan, kí a bá a yọ̀. Àmọ́ kò sí ọgbọ́n tó lè gbé ènìyàn lọ sábẹ́ 4.34 kó sì máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ó ń ti ibì kan gbọ́ kóòdù kó tó bẹ̀rẹ̀, ewu yìí sì wà níbi gbogbo tí kóòdù kan bá ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ èsì rẹ̀ títí ọjọ́ á fi yí.

Ẹ tún béèrè nípa yíyára. Àfi tí ẹ bá ta ọ̀mì ni àkókò máa ṣe yín láǹfààní, nígbà tí àbá kan tí ẹ fi ìkánjú sọnù lè mú kí ọ̀mì náà má wáyé rárá. Ẹ tẹ àbá kìíní àti ìkejì kíá, torí ẹ ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìkẹta ni kí ẹ jókòó tì: ibẹ̀ ni kóòdù tó ṣẹ́kù sábà máa ń ti kéré débi tí ẹ fi lè kọ wọ́n sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni a ti ń mọ̀ bóyá mẹ́rin tàbí mẹ́fà lẹ máa fi parí. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá jèrè lórí méjì àkọ́kọ́, orí ìkẹta yìí ni kí ẹ ná an sí.